Kónyákì Tí Kò Tíì Gbó

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Wọ́n ti dá Káfíńtà mi padà wálé láti ọsibítù. Dókítà ní kò sóhun tó kù táwọn lè ṣe. Ọ̀fun ẹ̀ ti dí. Omi gan-an, ṣíbí ni mo fi ń fún un. Bó ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ìgò ẹ̀. Ọkọ mi rèé! Kò tiẹ̀ béèrè bóyá èmi ti jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ìgò kónyákì ni, ọtí líle àwọn Faransé. Olówó kan tó bá kan kọ́bọ́ọ̀dù ló fi ta á lọ́rẹ, lọ́dún tá a ṣègbéyàwó. Káfíńtà wá fi ojúlówó igi kan àpótí fún ìgò náà, kó lè máa gbó nínú ẹ̀. Lọ́dọọdún, bí àyájọ́ ìgbéyàwó wa bá pé, màá gbé ife méjì jáde. Á ní, "Kò tíì gbó, ìyàwó mi. Sùúrù." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!

Ọjọ́bọ̀, 6
Wòó-má-mu tún wá. Ọ̀rẹ́ Káfíńtà ni, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn: igba ìgò ọtí ló kó jọ sílé, kò ṣí ọ̀kan rí. Káfíńtà ń sùn. Wòó-má-mu gbé ìgò náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo ibi tí ọtí dé lọ́rùn ẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣe é ti kógbá wọlé, irú ẹ̀ ò pọ̀ láyé mọ́, kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kóun gbà á. Mo ní kó jẹ́ kó gbó díẹ̀ sí i ná. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní inú àgbá onígi ló ti ń gbó. Tó bá ti wọ ìgò, ó parí, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n dé e náà ló ṣì wà.

Háà. Káfíńtà, tó mọ igi tó yẹn! Àpótí ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Mo sin Wòó-má-mu dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mi ò lè sọ fún Káfíńtà.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ó béèrè bóyá ó ti gbó. Mo ní ó ti gbó. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé e rún sí mi lọ́wọ́. Ife méjì. Mo ti ìka bọ tiẹ̀, mo fi kàn án láhọ́n. Ó dijú, ó pẹ́ kó tó là á. Ó ní ṣé mo rí i báyìí, ṣé òun ò sọ fún mi, sùúrù ló jẹ́ kó dùn tó yìí. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, olówó orí mi, o jàre.
Mo fi abọ́ dé ife tèmi.

Ọjọ́rú, 12
Ó ti lọ. Láàárọ̀ yìí, kí n tó gbé omi dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo mu ife tèmi lónìí. Ó dùn, ó dùn débi pé mo ké. Báyìí gẹ́lẹ́ náà ni ì bá dùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, nígbà tí ọ̀fun ẹ̀ ṣì ń gbé nǹkan mì.