Ògiri Tó Ń Gbóná Lẹ́bàá Ìrọ̀rí Rẹ

Ìyanu ọmọ mi,

Jọ̀wọ́, má ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá rẹ. Sodiqat oníṣẹ́ iná wá yẹ wáyà ilé wò láàárọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi lé ògiri lẹ́bàá ìrọ̀rí rẹ, ó ní ó ń gbóná. Nígbà tó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, wáyà inú rẹ̀ ti jó dúdú. Ọwọ́ ọmọ náà ríran! Yàrá mi ni kí o sùn títí yóò fi tún un ṣe.

Gbogbo wáyà àtijọ́ ló ní ká pààrọ̀, àfi ti ilé ìdáná. “Ìyá Ìyanu, ta ló ṣe èyí? Ó mọṣẹ́ gan-an.”

Mo ní bàbá rẹ ni.

“Ẹ bá mi kí wọn o.”

N kò lè sọ fún un pé wọ́n ti kú. Mo ń lọ síbi ibojì wọn báyìí, kí n lè jíṣẹ́ náà.

Màmá rẹ