Ìwé Àṣẹ Ọtí Yín Ti Di Ogún

Bàbá mi, ẹni tí ọkàn mi kò yéé pè,

Ilé ọtí yín ní Oǹdó ṣì wà ní ṣíṣí. Títí di òní, n kì í ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ìsinmi àfi bí ìsìn bá parí. Mo ṣì ń gbóòórùn ife kí n tó bu ọtí sí i, bí ẹ ti máa ń ṣe, tí àwọn oníbàárà á máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Láyé yín, bí ẹni tó ni ìwé àṣẹ ọtí bá kú, ìwé náà kú nìyẹn. Ọmọ á lọ gba tirẹ̀. Òfin ti yí padà, ó sì kan ìwé àwọn tó ti kú tẹ́lẹ̀. Wọn kì í fún ènìyàn ní tuntun mọ́, àmọ́ ajogún lè ta èyí tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní yóò mú kí ọrọ̀ ajé gbèrú. Èrò náà kò burú. Màmá Títí, opó òdìkejì títì, ti darúgbó; ó yẹ kó rí ẹni gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé òfin kò so ìwé mọ́ àdúgbò. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́ ló ra ìwé tirẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti hu koríko, onísúyà tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ sì ti kó kúrò.

Ó ti kàn wá báyìí. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè nígbà tí a sin yín ni wọ́n fẹ́ pín ní ìdí-igi, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Ìdí ìyá méjì ti buwọ́ lu títà rẹ̀. Ti ìyá mi, tí èmi nìkan dúró fún, ló kù. Bí mo bá buwọ́ lù ú, ilé yìí ti tì nìyẹn. Bọ̀dá Akin, àkọ́bí yín, wá láti Àkúrẹ́.

“Ṣé ìwọ nìkan ni Bàbá bí ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kù tó ń ta ọtí rẹ̀?”

“Ìwé ni wọ́n ń rà, wọn ò ra ìwọ. Jókòó síbẹ̀, kí o máa ta mínírà!”

Ẹni tó fẹ́ rà á tẹ̀ lé e wá. Kò mu nǹkan kan. Ó wo àjà, ó wo fèrèsé ẹ̀yìn.

“Màdáámù, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń sùn síbí?”

Kí ni ẹni tó ń ra ìwé fẹ́ fi ìyẹn ṣe, Bàbá?

Nírọ̀lẹ́ òní, mọ́tò ẹni tó fẹ́ ra ìwé náà dúró síta. Kò sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo àwọn oníbàárà yín àtijọ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi ọtí sílẹ̀ nínú ife, wọ́n jáde. Ẹnikẹ́ni kò kí mi pé ó dàárọ̀. Mọ́tò náà ṣì wà níbẹ̀ bí mo ti ń kọ èyí. N kò ní buwọ́ lù ú. Àmọ́ kí ni wọ́n mọ̀ tí èmi kò mọ̀?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì jókòó nínú ilé yín.