Tìróò Lójú Minou

Mercredi (Ọjọ́rú), lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì

Alhamdulilahi, Minou ológbò mi lajú lónìí. Ojú òsì ṣì pọ́n díẹ̀, àmọ́ ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sáré wá.

Nígbà tí ipin bo ojú rẹ̀, Màmá, ìyá ọkọ mi, ń lé tìróò fún un, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ mi. Igi tìróò kan náà ni wọ́n fi kan ojú ọmọ Minou. Ni ojú tọmọ náà bá wú.

Dókítà ẹranko ní àdúgbò Riviera sọ pé kòkòrò àìfojúrí ni, pé ó máa ń ràn, ojú sì lè fọ́. Ká má lé tìróò mọ́, ká máa kán oògùn.

Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún Màmá. Wọ́n ju igi tìróò yẹn nù, wọ́n ní, "Gbé oògùn wá. Èmi ni màá máa kán an." Láti ìgbà náà, wọn kì í kírun tán kí wọ́n má kán an fún àwọn méjèèjì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nírọ̀lẹ́ yìí. Wọ́n ní, "Merci ti kí ni?"

Èmi tí mo ń rò pé wọn ò fẹ́ ológbò nílé! Tìróò tí wọ́n lé fún Minou yẹn, láti Mẹ́kà ni wọ́n ti gbé e bọ̀; ojú ọmọ-ọmọ wọn nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ń lé e sí.