Orúkọ Rẹ Nínú Fọ́ọ̀mù Àwọn Panápaná

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ ọ ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ bóyá ò ń jẹun yó, torí pé nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá aránṣọ, eegun ọrùn rẹ ló kọ́kọ́ kí wa. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Kí àyà rẹ má baà já, mo fẹ́ sọ èyí ṣáájú: èmi wà láyé, ìyá rẹ wà láyé, ilé nìkan ni kò pé mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé èmi gan-an tán, nítorí náà bí ó bá rú ọ lójú, má rò pé ojú rẹ ló ń ṣe ọ́. Ṣé o rántí ilé ńlá onílẹ̀kùn irin tó wà ní òpin òpópónà wa, ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí nígbà kan? Àwọn panápaná ti kó wá síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Àwọn náà ló ń pa iná, àwọn náà ló tún ń tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n sì ń sáré gbé e lọ ilé ìwòsàn. Mo bi ọ̀gá wọn bóyá owó oṣù méjì ni wọ́n ń san fún wọn, ó ní ọ̀kan ni, mo bá ní kó pẹ̀lẹ́. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń fọ ọkọ̀ pupa tí kò dọ̀tí. Wọ́n á tú rọ́bà omi wọn sílẹ̀ títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún ká a padà. Àánú wọn ń ṣe mí, mo rò pé wọn ò ríṣẹ́ ṣe ni. Mo tiẹ̀ sọ fún ọ̀kan nínú wọn, èyí tó ga jù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Agùntáṣọọ́lò, pé bó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ mi, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á rò ó.

Nígbà tó yá ni wọ́n mú fọ́ọ̀mù wá, ojúlé dé ojúlé. Wọ́n fẹ́ mọ iye yàrá tó wà nínú ilé, ohun tí a fi ń dáná, bóyá ẹnì kan wà tí kò lè rìn, àti ẹni tó ń sùn sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bùn ni mo rò pé wọ́n fẹ́ pín, torí ta ló ń bi èèyàn níbi tó ń sùn sí lásán? Mo kọ tèmi àti ìyá rẹ sí yàrá àkọ́kọ́. Pálọ̀, mo kọ tẹlifíṣọ̀n. Yàrá ẹ̀yìn, mo kọ orúkọ rẹ. Yàrá rẹ ni. Bẹ́ẹ̀dì tí mo fọwọ́ ara mi kàn fún ọ nígbà tó o pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, àwọn ìwé rẹ sì wà nínú páálí lábẹ́ rẹ̀. Ta ni kí n wá kọ? Níbi tí wọ́n ti ní ká sọ bí ẹni náà ṣe jẹ́ sí wa, mo kọ ọmọ. Níbi ọjọ́ orí, mo fi í sílẹ̀ lófìfo, torí mo ní ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ni ọ́, ìyá rẹ ní ọgbọ̀n géérégé ni, ó ní òun lòun rọbí. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ní inú ọkọ̀ ni yóò máa wà. Ó wú mi lórí pé orúkọ rẹ wà nínú ọkọ̀ ìjọba.

Ó wá di ọjọ́ Túsìdeè, ọ̀sán gangan. Ẹsẹ̀ àga ìyàwó tíṣà àgbà ti yẹ̀, mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́, mo sì gbé gọ́ọ̀mù ka sítóòfù nínú ṣẹ́ẹ̀dì mi lẹ́yìnkùlé. Fóònù bá dún ní pálọ̀. O mọ̀ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti gbóhùn rẹ kẹ́yìn. Mo sáré, mo ní ìwọ ni. Kì í ṣe ìwọ. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó kí mi dáadáa, ó ní oníbàárà àtàtà ni mí lójú àwọn. Mo kí i padà, mo béèrè ilé àti ọkọ, kò dá mi lóhùn, ó ń bọ́rọ̀ lọ. Ó ní kí n tẹ ọ̀kan. Mo ní mi ò lè tẹ ohun tí mi ò mọ ibi tó ń lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ fi ọ̀nà sílẹ̀, kí ọmọ mi lè ráyè pè. Kò bínú rárá, ńṣe ló tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi sùúrù báni sọ̀rọ̀ báyẹn, ojú ń ti èèyàn láti pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà kẹrin tó kí mi ni mo gbọ́ òórùn.

Nígbà tí mo máa fi dé ẹ̀yìn, iná ti mú èérún igi tó wà nílẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì, ó ti gun òrùlé yàrá rẹ. Nọ́ńbà àwọn panápaná wà lára ògiri, àwọn fúnra wọn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni. Nọ́ńbà tìrẹ kún ìlà kan gbáko. Láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ni mo ti gbà pé wọ́n gé èyí tó kù mọ́ àwa mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Ìyá aránṣọ tó sáré wá láti ilé kejì ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ló tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn náà ló sì wọlé, ló bá dá a padà fún mi. Wọ́n béèrè ibi tí iná ti ń jó, mo ní ilé mi ni. Wọ́n ní ilé wo, mo ní èyí tó ń jó. Wọ́n ní kí n fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní fóònù.

Wọn ò pẹ́ rárá. Àwọn tí mo rò pé wọn ò ríṣẹ́ ṣe wọ̀nyẹn, kí n tó ṣẹ́jú, rọ́bà omi ti wà nílẹ̀, àkàbà ti wà lára ògiri. Ìyá rẹ gbé ọwọ́ lé orí, ó ń ké pé yàrá ọmọ òun, yàrá ọmọ òun ló ń jó. Ọ̀gá wọn wo fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ìyá rẹ, ó wo Agùntáṣọọ́lò.  Ìyẹn fa ìbòjú rẹ̀ bojú, ó dé akoto, ó wọlé lọ. Mo rò pé bẹ́ẹ̀dì ló fẹ́ gbé jáde. Mo tiẹ̀ ké tẹ̀ lé e pé ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì náà ò lágbára mọ́, kó gbá a mú láti òsì.

Ó pẹ́ nínú ilé. Òrùlé ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá wọn ń pè é, kò dáhùn, ojú ọ̀gá náà sì ti yí padà. Ojú fèrèsé ló gbà jáde níkẹyìn, ó gbá bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ó rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ́ ọmọ tó ń sùn, ó tú u. Ìrọ̀rí rẹ ni, àti súwẹ́tà tó o wọ̀ lọ ilé ìwé, tí ìyá rẹ máa ń dì sínú ibora náà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ó ń fọwọ́ wá inú rẹ̀ káàkiri. Ọ̀gá wọn yíjú sí mi, ó bi mí níbo lọmọ náà wà. Mo ní o wà níbi iṣẹ́. Ó ní níbo. Mo sọ orúkọ ìlú tó o wà fún un, mo ní o ti wà níbẹ̀ láti ọdún méjìlá, pé o ń ṣe dáadáa, àfi ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe.

 Agùntáṣọọ́lò ṣí akoto rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ojú ló ń tì í pé ìrọ̀rí ló gbé tó fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Mo lóṣòó tì í, mo ní kó má banú jẹ́, pé bẹ́ẹ̀dì kò ju igi lọ, mo lè kan òmíràn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún. Ìgbà yẹn ni mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀. Iná ti jó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lára.

Àwọn yòókù ti fi nǹkan bo ìyá rẹ nímú, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni, torí èéfín tó fà sínú níbi tó ti ń ké. Afẹ́fẹ́ kún gbogbo ìta, wọ́n tún gbé tiwọn wá nínú irin. Kò lè sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Wọ́n bi mí kí ni kì í bá ara rẹ̀ mu, mo ní omi tútù láàárọ̀ àti àbúrò mi obìnrin. Ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ gbé bíírò dúró, ó wò mí títí. Ara ìyá rẹ ti yá báyìí, ó ti ń bá mi jà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ kí Agùntáṣọọ́lò. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ ọ́. Dókítà ní yóò jinná, ṣùgbọ́n ìka méjì lè má ká mọ́. Mo bi í kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ó ní àwọn ọmọdé máa ń sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà iná, pé òun ò lè jáde láìjẹ́ pé òun wá gbogbo ibẹ̀. Ó ní òun ń pe orúkọ rẹ. Ọmọ mi, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí ń pe orúkọ rẹ nínú èéfín, orúkọ tí èmi kọ sílẹ̀.  Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé inú òun dùn pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ọ̀gá wọn mú fọ́ọ̀mù tuntun fún mi. Ó ní kí n kọ ẹni tó ń sùn nínú ilé nìkan, pé lọ́jọ́ mìíràn ẹlòmíràn lè wọ yàrá òfìfo lọ kó má jáde mọ́. Mo bi í ibo ni wọ́n ń kọ ẹni tó jẹ́ ti ilé tí kò sí nílé. Ó ní kò síbẹ̀. Mo yẹ fọ́ọ̀mù náà wò lójú méjèèjì, lóòótọ́ ni, kò síbẹ̀. Ìwé tó béèrè irú sítóòfù tí mo ń lò, kò ráyè fún ìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù náà fi wà lórí tábìlì. Mo kọ tìyá rẹ, mo kọ tèmi, mo gbé bíírò dúró sí yàrá ẹ̀yìn. Ìyá rẹ ní bí mo bá dán an wò pé mo yọ orúkọ rẹ, òun á kó jáde nílé.

Àárọ̀ yìí ni mo kọ ọ́. Mo kọ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Jọ̀ọ́ má bínú sí mi. Ọwọ́ Agùntáṣọọ́lò ni mò ń wò nígbà tí mo ń kọ ọ́. Ìyá rẹ ò tíì mọ̀, nítorí náà má sọ ọ́ lórí fóònù.

Òrùlé ẹ̀yìn ń fẹ́ páànù mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú ìṣó. Igi wà lọ́wọ́ mi. Bí Ọlọ́run bá pèsè, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí owó ọwọ́ rẹ kò bá lè ra páànù kí owó ọkọ̀ tún ṣẹ́ kù, jọ̀ọ́ fi páànù sílẹ̀, kí o fi wọkọ̀. Agùntáṣọọ́lò fẹ́ fojú rí ẹni tó wá títí tí kò rí. Mo ti ṣèlérí fún un, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé bí o ò bá wá.

Iná kò ní jó ọ, omi kò ní gbé ọ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ọ, yóò rí ọ, yóò bá ọ láyọ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì pé. Bẹ́ẹ̀dì tuntun ti wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi, ó ku ẹsẹ̀ kan. Tó o bá ń bọ̀, tètè sọ ọjọ́ náà fún wa. Mo ti bi ọ̀gá wọn. Ó ní lọ́jọ́ tó o bá dé, kí n má tẹ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn o, kí n fẹsẹ̀ rìn wá, òun á mú fọ́ọ̀mù jáde nínú ọkọ̀, òun á sì fún mi ní bíírò.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.