Òǹtẹ̀ Ẹgbẹ́ Wa Wà Lọ́dọ̀ Yín

Bàbá mi àtàtà, ọkọ Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọjọ́ mẹ́ta kọ́, oṣù mẹ́jọ ni. Ẹ kì í jẹ́ kéèyàn fi ẹnu dín nǹkan kù. Ara mi le. Ọmọ-ọmọ yín náà wà dáadáa, Pidgin ló ṣì fi ń dá mi lóhùn bí mo bá bá a sọ Yorùbá, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà. Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lójú títì Warri sí Sapele, páàtì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi náà ni mo ṣì ń tà. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Bàbá mi, mo ti há, mi ò sì rẹ́ni bá sọ ọ́ àfi ẹ̀yin.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yín ń kú lọ. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ gbàù báyìí. Ìràwọ̀ Etídò tí ẹ fọwọ́ ara yín dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Ìlàjẹ etí omi, tí àwọn ọmọ Urhobo, Itsekiri àti Ijaw wá kún títí a ò fi mọ ta ló ni ín mọ́, agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá péré ló kù. Bí ibà bá mú ẹnìkan, a di mẹ́wàá. Pápá tí wọ́n ti ń dánra wò, ilé epo ti wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn Iron Boys ti Ovwian, ọ̀tá wa àtijọ́ yẹn, ní pápá tó dára lẹ́bàá ilé iṣẹ́ irin, ṣùgbọ́n ọmọ méje ló kù sí wọn lọ́wọ́. Ni àwọn aláṣẹ líìgì bá ní kí ẹgbẹ́ méjèèjì para pọ̀ di ọ̀kan. Bí a ò bá mú ìwé ìdàpọ̀ wá títí di ọ̀la tó jẹ́ Mọ́ńdè, wọ́n á yọ àwa àtàwọn dànù.

Háà, ìjà dé! Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ti ń pàdé nírọ̀lẹ́, orí bẹ́ǹṣì tí ẹ kàn yẹn. Ẹ rántí Godspower, wẹ́dà tó máa ń gbé àsíá wa kiri? Òun ni olórí àwọn tó ní ó sàn kí ẹgbẹ́ kú ju kó fẹ́ Iron Boys lọ. “Na dem throw our goalpost inside river! I go come wear their jersey?” Òótọ́ ni, wọ́n ju òpó gólì wa sódò lóòótọ́, ẹ̀yin lẹ sì fi ọkọ̀ yín lọ fà á jáde. Tíṣà, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì, ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Godspower ní ọwọ́ tó gbá òun létí, òun ò bá a sọ àyà kankan. Wọ́n dé orí jẹ́sì. Búlúù ni tiwa, pupa ni tiwọn. Ẹnìkan ní kí wọ́n po méjèèjì pọ̀ di àwọ̀ àlùkò. Godspower béèrè bóyá bọ́ọ̀lù la fẹ́ gbá àbí a fẹ́ lọ jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó dé orí orúkọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn. Ta ni orúkọ rẹ̀ máa ṣíwájú? Ta ló máa pòórá?

Èmi náà, bí ẹ bá bi mí, ẹ̀yìn Godspower ni mo wà. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń fọ jẹ́sì búlúù yẹn. Mo mọ èyí tó ya lábíyá, mo mọ èyí tí ẹ̀jẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jí lọ́jọ́ kan kí n máa sá pupa sórí okùn?

Ṣùgbọ́n ariwo lásán nìyẹn, Bàbá. Òǹtẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀ yín lára, òkú ìwé ni. Nínú àpò ẹ̀wù yín ló máa ń wà, lápá òsì. Ẹ máa ń mí “hàà” sí i lẹ́nu kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí ẹni fẹ́ nu dígí ojú, yíǹkì rẹ̀ kì í sì í kúrò ní àtàǹpàkò yín, kódà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìwé ìdàpọ̀ ti wà nílẹ̀, Iron Boys ti tẹ tiwọn. A wá tiwa, a ò rí i. A ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣe tuntun, àwọn aláṣẹ kọ̀. Àwọn kan ti fi ayédèrú òǹtẹ̀ ta agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rí. Wọ́n ní ká mú ògbólógbòó wá, tàbí kí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́yìn lọ búra ní kóòtù bó ṣe sọnù.

Ni gbogbo ojú bá yí sí Bọ̀dá Ṣèyí. Gólì yín àkọ́kọ́, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Kóòṣì báyìí, tí ìka rẹ̀ mẹ́ta ti wọ́ nítorí bọ́ọ̀lù yín. Òun ló ń tọ́jú ẹrù ẹgbẹ́ nígbà àìsàn yín. Wọ́n bi í, kò ní òun mọ̀, kò ní òun ò mọ̀. Wọ́n ní kó lọ búra pé ó sọnù, ó ní àgbà ìjọ ni òun, òun ò lè fi ẹnu òun búra èké. Ó tán! Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ó gbé e pamọ́ kí ìdàpọ̀ lè bàjẹ́. Àwọn tó fẹ́ ìdàpọ̀ ń bú u, àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń pọ́n ọn lé, èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ Túsìdeè, níwájú mi, ẹnìkan pè é ní olè. Bàbá ẹni tó ń lọ sí àádọ́rin ọdún! Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Èmi sì wà lẹ́yìn káńtà, mo ń to púlọ́ọ̀gì tí kò nílò títò.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ ibi tí òǹtẹ̀ wà. Abẹ́ sùtánà yín ni, lápá ọ̀tún, nínú pósí. Èmi ni mo fi síbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ béèrè rẹ̀ ní ọsibítù, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn? Mo rò pé ẹ kàn fẹ́ dì í mú ni. Nígbà tí wọ́n wọ aṣọ funfun ìjọ fún yín tán, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi èmi àti ẹ̀yin sílẹ̀ díẹ̀, mo sì tì í sábẹ́ aṣọ. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ béèrè rẹ̀, ẹ ti ní in. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi tún dùn pé kò sẹ́ni tó máa lè fi òǹtẹ̀ yín ta ẹgbẹ́ yín lẹ́yìn yín. Mo pe ìyẹn ní ìfẹ́.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí mo bá sọ ọ́, mo mọ àwọn èèyàn wa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìdajì wọn á ti háyà ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ sílé nínú omi lọ́hùn-ún, níbi tí a sin yín sí, pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Màmá á gbọ́. Ìjọ á gbọ́. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, Bọ̀dá Ṣèyí á gbé orúkọ olè dé sàréè. Ọ̀rọ̀ di adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀.

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, mo ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ nígbà tí Bọ̀dá Ṣèyí dé. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n kọ̀. Wọ́n na àpòòwé kan sí mi. Bàbá, ìkọ̀wé yín ni mo rí. Lẹ́tà sí ẹni tó ni Iron Boys. Ẹ ní ẹ ti gbà kí ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan, pé bí àwọn ọmọ bá ṣáà ti ń rí ibi gbá bọ́ọ̀lù, orúkọ tó bá wu wọ́n ni kí wọ́n fi pè é. Ẹ ti buwọ́ lù ú. Lábẹ́ ìbuwọ́lù, ẹ fi pẹ́ńsù ya òbìrí kékeré síbi tí òǹtẹ̀ máa wà.

Bọ̀dá Ṣèyí ní ẹ ní kí àwọn padà wá gbà á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn yẹn ní ọsibítù, pé ọmọ yín ń mú òǹtẹ̀ bọ̀. Ìgbà tí wọ́n padà dé, ẹkún ni wọ́n bá. Lọ́jọ́ tí ẹ sùn ní pálọ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n rí mi láti ojú fèrèsé. Wọ́n rí ọwọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ sórí ìdọ̀tí tí mo gbá jọ, mo béèrè ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí gbogbo ayé máa bú wọn nítorí mi.

“Ọmọ ọ̀gá mi ni ẹ́. Kí ni n bá sọ? Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè ti dé tán, àwọn ọmọ yẹn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.”

Wọ́n bá lọ.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ sọ fún gólì yín, ẹ ò sọ fún ọmọ yín. Àbí ẹnu mi lẹ ń bẹ̀rù? Mo rántí ọjọ́ tí ẹ kàn dárúkọ Iron Boys nídìí oúnjẹ, tí mo gbé àwo mi dìde. Ṣé ọjọ́ yẹn lẹ fẹ́ sọ ọ́? Inú ń bí mi sí yín, Bàbá, ẹ má bínú. Inú ń bí mi, mo sì ń wá yín.

Mo lọ sí kóòtù ní ọjọ́ Ẹtì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, títí kan pósí. Akọ̀wé kà á, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó wò mí. “Madam, you sure say make I type this one?” Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn aláṣẹ máa gbà á. Ní aago mẹ́rin òní, gbogbo àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì ń pàdé lórí pápá Ovwian. Màá dìde, màá ka lẹ́tà yín fún wọn, màá ka tèmi tẹ̀lé e, màá sì dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin fún Bọ̀dá Ṣèyí níwájú wọn. Bí wọ́n bá ní wọ́n ń lọ gbẹ́ ilẹ̀, orí mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbẹ́.

Ó ku ohun kan tí mi ò lè kọ sínú ìwé kóòtù. Nígbà tí ẹ béèrè òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, inú báàgì mi ló wà. Mo ti lọ mú un nílé láàárọ̀ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ pé aláìsàn tó bá ń béèrè ẹrù rẹ̀, ó ń palẹ̀ mọ́ ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo fa aṣọ bò yín dé ọrùn, mo ní kí ẹ sùn, mo ní màá mú un wá lọ́la.

Ẹ sì sùn.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe lọ.