Sí Ọmọ Mi Tó Ń Bá Ìjọba Ra Ìwà

Ọmọ mi àtàtà, ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn láwùjọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ obìnrin tí ojú rẹ̀ máa ń le lọ́jọ́ Ajé ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀? Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá, nítorí náà ara rẹ̀ le. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, òjò sì tètè dé lọ́dún yìí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí kò ní gbàgbé rẹ lọ́hùn-ún. Ohun tí o bá dáwọ́ lé, wàá ṣe é yọrí, wọn kò ní fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ bá ọ wí.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù níjọ́sí nípa iṣẹ́ rẹ, mo ti rò ó dáadáa, ó ti yé mi wàyí. O ní ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ti ènìyàn mọ́ ẹ̀wọ̀n, pé ẹ̀yin lẹ ń bá ìjọba ra ìtọ́jú àti àtúnṣe ìwà fún àwọn tó ti ṣẹ̀, kí wọ́n lè padà di ènìyàn gidi. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ìwà ni ọmọ wa ń rà. Ó bi mí pé ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á, mo ní o kò sọ fún mi, ṣùgbọ́n ọjà ìjọba kò ní jìnnà sí ọ́fíìsì ìjọba. Ohun tí n kò tíì mọ̀ ni bóyá inú àpò ni wọ́n ń dì í sí àbí wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni. Bó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti gba tiwọn, jọ̀ọ́, bá mi bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Kì í ṣe pé ìwà rẹ̀ burú o, ó kàn máa ń tètè tán ni, pàápàá tí oúnjẹ bá pẹ́.

Ọ̀kan nínú ọjà yín sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ ìyá oníkòkò ni, èyí tó jí alùpùpù nígbà tí o ṣì wà nílé ìwé, tí wọ́n sì jù sẹ́wọ̀n. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ dání dé. Ó ní ìjọba ló sanwó fún ọ̀gá tó kọ́ òun ní iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀, ìjọba náà ló fún òun ní ayùn àti ìfági lọ́jọ́ tí òun jáde. Mo bi í bóyá ó mọ̀ ọ́, ó ní rárá. Mo ní kò burú, ọjà kì í mọ ẹni tó rà á. Mo yí i po, mo wo ojú rẹ̀, mo wo ọwọ́ rẹ̀, ìwà náà bá a mu, kò fún un, kò sì tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó tà á, pé bó bá bàjẹ́ wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀? Yẹ̀ ẹ́ wò o, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Wàá rántí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn tí àwọn aláboyún máa ń jókòó lé, èyí tí àbúrò mi káfíńtà kàn. Ó wó! Àwọn aláboyún ló wà lórí rẹ̀, ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé ló wà láàárín wọn, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sẹ́ni tó fara pa. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹ bẹ́ǹṣì náà wò, ibi tó yẹ kí ìṣó mẹ́ta wà, ẹyọ kan ló bá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe àbúrò mi ní Ìṣó-Kan, ó sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú ìbínú. Àwa obìnrin dáwó jọ fún bẹ́ǹṣì tuntun, wọ́n wá fi èmi ṣe olórí ìgbìmọ̀, pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwé àti ìyá aránṣọ. Àwọn kan ní ká tún gbé e fún Ìṣó-Kan, torí òun la mọ̀. Mo ní rárá, ọmọ mi ló ń bá ìjọba ṣe é, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo là á fún wọn bí o ti là á fún mi. Mo ní a ó kéde iṣẹ́, olúkúlùkù á kọ iye tó fẹ́ gbà sínú ìwé, á lẹ̀ ẹ́ pa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tú u títí ọjọ́ yóò fi pé. O ní ọwọ́ pọ́táàlì tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kó o fún, àti pé pọ́táàlì máa ń tì pa láago méjìlá gééré, ẹni tó bá pẹ́, bó fomijé wẹ̀, kò ní ṣí i fún un. Inú mi dùn sí ọkùnrin náà gan-an. Irú ọmọkùnrin tí kò gba rìbá báyìí ṣọ̀wọ́n láyé tí a wà yìí. Bá mi kí i, kí o sì fọgbọ́n wádìí bóyá ó ti fẹ́yàwó, torí ìwọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Àwa náà wá pọ́táàlì tiwa. Bàbá tó máa ń ṣọ́ ilé ìwé tẹ́lẹ̀ ni mo gbé kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, mo ní bí aago nọ́ọ̀sì bá ti lu méjìlá, kó ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ìlú ti ń pè é ní Bàbá Pọ́táàlì, ó sì ti ra fìlà tuntun nítorí ipò náà.

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ pé ni àbúrò mi gbé àgbébọ̀ adìyẹ wá, ó ní òun kàn wá kí mi ni. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, kò fi adìyẹ kí mi rí. Mo rántí pé o ní bírò lásán ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, mo bá dá a padà, bàbá rẹ sì fojú sin adìyẹ náà títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Adìyẹ ọ̀hún ti yé ẹyin kan sílẹ̀ kó tó lọ, mo fi ẹyin náà ránṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Ọmọ ìyá oníkòkò ní òun náà fẹ́ du iṣẹ́ náà. Ìyá aránṣọ fárígá, ó ní bí a bá kówó lé olè lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ni yóò fi dá wa lóhùn. Mo ní ọmọ mi sọ pé ẹ̀yìn iṣẹ́ ni owó wà, àwa fúnra wa la ó sì ra pákó. Kí ni yóò wá gbé sá, ṣé ariwo òòlù ni? Ó rò ó, ó gbà.

Ọjọ́ pé, gbogbo wa jókòó sórí ẹní nínú ilé ìwòsàn, torí kò kúkú sí bẹ́ǹṣì. O ní bí ìbátan ẹni bá wà nínú àwọn tó ń du iṣẹ́, a gbọ́dọ̀ là á sọ ká sì yọwọ́ nínú ìdájọ́. Mo dìde, mo ní kí gbogbo ayé gbọ́ pé àbúrò mi ni Ìṣó-Kan, ọmú kan náà la jọ mu. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni kò mọ̀. Mo ní òfin ni.

Aago lu, Bàbá Pọ́táàlì ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í. Kò pẹ́ la gbọ́ kó kó kó. Àbúrò mi ni. Ó ti dá a lójú pé kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ láìsí òun, ló bá fara balẹ̀ wẹ̀, ó tún ń lọ aṣọ. Ó ń ké láti ìta pé òun ni o, kí ẹ̀gbọ́n òun dákun bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, ẹ̀yìn yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko. Bàbá Pọ́táàlì wò mí, gbogbo ilé wò mí. Mo mi orí pé rárá, mo sì wolẹ̀.

Ẹni tó wá dìde ni ọmọ ìyá oníkòkò. Ó bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kó wọlé, ó ní bó ti wù kí ènìyàn jẹ̀bi tó, òun mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ilé ìwé ní ó dáa, kó wọlé wá fojú ara rẹ̀ rí bí a ṣe ń ṣe é, àmọ́ inú àpò rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ máa wà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Àbúrò mi wọlé, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún un ni àyè wà, ibẹ̀ ló jókòó sí, kò sì wò ó lójú.

Èmi bọ́ sí kọ̀rọ̀, àwọn méjì tó kù tú ìwé. Káfíńtà kan tó wá du iṣẹ́ náà láti òdìkejì odò kọ iye tí ènìyàn lè fi kọ́ ilé. Ti ọmọ ìyá oníkòkò mọ níwọ̀n, ó sì gbé àpótí ìjókòó kékeré kan wá tí kò fi ìṣó kankan kàn, igi ló fi di igi mú. Ìyá aránṣọ, ẹni tí Ọlọ́run fún lára dáadáa, gorí àpótí náà, ó jó lórí rẹ̀. Kò dún kín. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ọmọ náà.

Àbúrò mi bínú, kò yà sílé mi mọ́. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ibi tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ó ní òun ń wá ewúrẹ́ òun. Ọmọ mi, àbúrò mi kò ní ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wọlé, ó béèrè bí igi ṣe ń di igi mú láìsí ìṣó, ọmọ náà sún fún un, ó fi hàn án. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń rẹ́ pákó, tí wọ́n jọ ń jiyàn. Ó ti wá kí mi. Ọwọ́ òfìfo ló wá, mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọjọ́ tí bẹ́ǹṣì dé, nọ́ọ̀sì ní ta ni yóò kọ́kọ́ jókòó. Ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé, tó ti bí ọmọbìnrin làǹtìlanti, ní kí wọ́n má wo ọ̀dọ̀ òun. La bá pe ìyá oníkòkò. O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò tó bá ń rìn, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ó rọra fìdí kan etí bẹ́ǹṣì, bí ẹni jókòó lé ẹyin. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn. Ìyá náà sún sí àárín, ó na ẹsẹ̀, ó wá gbé orí sókè, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí la ń dúró ṣe, àbí alángbá la ṣe bẹ́ǹṣì fún. A rọ́ lù ú! Bẹ́ǹṣì gbà wá, kò mì. Ọmọ náà kọjú sí ògiri, àbúrò mi ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń sọ fún gbogbo wa pé ìyẹ̀fun igi ló kó sí i lójú.

Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé èyí tí ẹ rà yìí dára, kí ẹ má dúnàá-dúrà jù, ẹ rà sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Oògùn orúnkún bàbá rẹ ti tán, bàtà mi sì ti la ẹnu. Fi ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi gba inú fóònù mi lásìkò yìí, gíláàsì rẹ̀ ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí owó má baà jò dànù lójú ọ̀nà kí n tó dé báńkì. Kí o sì máa jẹun. Mo rí ọrùn rẹ níjọ́sí tí o yọjú nínú fóònù, ó ti ń gùn.

Ọwọ́ mímọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́, òun náà ni wàá fi kórè. Ọmọ tí ìwọ náà bá bí yóò kọ lẹ́tà sí ọ, ojú rẹ yóò ríran kà á.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ. Bàbá rẹ ní kí n fi kún un pé ìwà òun kò tíì tán.