Maṣíìnì Mi Kì í Ṣe Ọrẹ Àfikún

                                        Yàrá Ìránṣọ, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ìparí oṣù.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ tuntun tó gbé yín lọ sọ́hùn-ún ti mọ́ ọn lára? Àwọn ìbejì ńkọ́, àwọn oníjàgídíjàgan méjì yẹn, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o rójú sinmi? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ bí òjò bá ti ṣú, ṣé ó ti fara balẹ̀? A dúpẹ́ pé ara le níbí. Àwọn ọmọ mi ń dàgbà, bàbá wọn ń jẹun, èmi náà ń ránṣọ. Ìyá mi ní kí n kí ọ o. Ó ní láti ìgbà tí o ti kó lọ, òun ò tíì rí ẹlòmíràn tó lè bá òun jiyàn kó dùn.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti sọ pé ìjọ yín tuntun náà ti ní kí ẹ lọ fi àdúrà ro ọ̀rọ̀ ọrẹ àfikún, ẹ̀rín pa mí débi pé oníbàárà tí mo ń wọ̀n lọ́wọ́ bi mí bóyá ìdí òun ni mo ń fi rẹ́rìn-ín. O ní kí n sọ ohun tí mo rò sí i. Jókòó dáadáa, kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ.

O ò lè gbàgbé Olóhùn-Iyọ̀, pásítọ̀ wa. Ìwọ kúkú lo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìwàásù, ó sọ̀kalẹ̀ látorí pẹpẹ, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ìjọ fẹ́ kọ́ yàrá ìgbàlejò fún àwọn oníwàásù tó bá ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Àga onítìmùtìmù á wà níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù á wà níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á máa dán bíi díńgí. Ó ní ìdámẹ́wàá wà láyè tirẹ̀, ọrẹ ọ̀sẹ̀ wà láyè tirẹ̀, àfikún lèyí. "Mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni o," ó wí. "Ẹ ṣáà lọ fi àdúrà rò ó. Ohun tí Ọlọ́run bá sọ fún yín ni kí ẹ ṣe."

Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání, àbí? Àmọ́ ká tó ṣe Àmín, wọ́n ti ń pín àpòòwé, orúkọ kálukú sì ti wà lára tirẹ̀. Èmi ò mọ irú àdúrà tí wọ́n ti di ìdáhùn rẹ̀ sínú àpòòwé ká tó kúnlẹ̀. Yàrá àwọn ọmọdé ń jò, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ìwọ lo máa ń gbé korobá sábẹ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká gbàdúrà sí ìyẹn. Àlejò tí a ò tíì mọ̀ ló fẹ́ jókòó sórí tìmùtìmù, ọmọ onílé sì ń sá fún òjò nínú ilé. Mo mú àpòòwé tèmi délé, mo fi gé àwòṣe ọrùn aṣọ. Ọrùn náà sì jókòó dáadáa.

Ọjọ́ ọrẹ pé. Èmi wà láàárín àwọn akọrin, a ń kọrin lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ dìde ni alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Ó ń ta táìlì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì ni wọ́n ti máa ra táìlì yàrá ọ̀hún. Má tíì rẹ́rìn-ín o, mi ò tíì dé ibi tó dùn. Ó dárúkọ owó ńlá kan, ìjọ pariwo yèè. Ni Olóhùn-Iyọ̀ bá ní, "Ẹni tí kò lówó ńkọ́? Ẹ mú ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nílé yín wá!"

Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá àwọn ọmọ mi tó nàró. O mọ ọkọ mi. Akunlé ni, jẹ́jẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ bí èrò bá ti pé jọ, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ara rẹ̀ kì í gbà á mọ́. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Maṣíìnì ìránṣọ ilé wa!"

Ilé wa, Ìyá Ìbejì! Maṣíìnì tí èmi pẹ̀lú rẹ jọ gbé gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, tí o ń bú mi ní gbogbo àtẹ̀gùn. Maṣíìnì tí mo fi rírán aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ rà. Ọkọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìjọ ń ké Halelúyà. Ìyá tó dúró tì mí dì mọ́ mi, ó ní orí bá mi yan ọkọ rere. Mo ní ẹ ṣeun, mà.

Nígbà tí a délé, mi ò pariwo. Mo gbé oúnjẹ fún un, mo jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán, torí ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo wá bi í, mo ní, "Bàbá wa, ta lẹ bi kí ẹ tó fi maṣíìnì mi tọrẹ?"

Ó ní, "Ẹ̀mí ló gbé mi."

Mo ní, "Ẹ̀mí yẹn ò mọ ibi tí tẹlifíṣàn yín wà ni?"

Ó wo tẹlifíṣàn, ó wo èmi náà. Ó ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu òun lójú gbogbo ayé, ẹyin sì lohùn. Mo ní ẹyin tirẹ̀ ló fọ́ o, kó má wá fi tèmi dípò. Ó ní Ọlọ́run á fún mi ní tuntun. Mo ní, "Kí àwọn ọmọ wá máa fi tuntun yẹn lọ ilé-ìwé kó tó dé?" Ọkùnrin tó bú bíi kìnnìún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká gúlútú sórí àga bí ológbò tí òjò pa.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni méjì nínú àwọn tó máa ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ìjọ ti ọmọlanke dé. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní àwọn wá gbé ọrẹ Olúwa. Mo ní kò burú, kí wọ́n jókòó. Mo ní, "Pásítọ̀ ní ká fi àdúrà rò ó. Ọkọ mi ti gba tirẹ̀, èmi ò tíì gba tèmi." Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, mo gbé orí lé e, mo dijú. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o, mo gbàdúrà lóòótọ́. Mo dárúkọ àwọn ọmọ mi, mo dárúkọ àwọn tìrẹ, mo tiẹ̀ gbàdúrà fún orúnkún rẹ pàápàá. Nígbà tí mo yọ́jú wò, ọ̀kan nínú wọn ti ń tòògbé lórí àtẹ̀gùn, ìkejì ń ṣa bọ́tìnnì inú agolo mi ní àwọ̀ àwọ̀. Oníbàárà kan wọlé, ó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó rọra yọ́ ẹsẹ̀ jáde. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní àwọn á padà wá. Mo ní Àmín.

Wọ́n padà wá. Mo tún kúnlẹ̀.

Ìyẹn ló mú Olóhùn-Iyọ̀ fúnra rẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó dókè. Mo fún un ní àga, mo fún un ní omi, torí a ò kọ́ mi láti fi ìbínú gba àlejò.

"Arábìnrin," ó wí, "kí ni Ọlọ́run sọ?"

"Kò tíì fèsì, sà."

"Ó mà ti pẹ́ díẹ̀ o."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í kán Ọlọ́run lójú, sà."

Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú. Ó ní ọkọ ni orí aya, ẹ̀jẹ́ tí orí bá sì ti jẹ́, gbogbo ara ló dè.

Mo ní, "Òótọ́ ni, sà. Ọkọ mi ni orí, èmi ni ọwọ́. Àmọ́ orí wo lẹ rí tó gé ọwọ́ ara rẹ̀ fi tọrẹ, tó tún ń retí pé kí ọwọ́ yẹn máa bu oúnjẹ sóun lẹ́nu?"

Pásítọ̀ wo ọkọ mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Pásítọ̀ mu omi rẹ̀ tán, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i tó kúrò nílé èèyàn láìgbàdúrà fún onílé.

O rò pé ó parí síbẹ̀? Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó wàásù lórí àwọn obìnrin tó ń dínà ìbùkún mọ́ ọkọ wọn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ gbogbo ọrùn ló yí sọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn ìsìn, olórí akọrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n lọ sinmi díẹ̀, pé ó jọ pé ó ti ń rẹ ohùn mi. Ohùn mi! Ohùn tí àwọn tó kù ń rọ̀ mọ́ kí wọ́n tó lè gun orin. Mo bọ́ aṣọ akọrin, mo ká a, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Èmi ni mo rán aṣọ yẹn, ọ̀fẹ́ ni mo sì rán an fún gbogbo wọn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń kọrin níbẹ̀. Mo lọ sunkún ní balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́.

Kí ẹ̀jẹ́ ọkọ mi má bàa di ẹ̀gàn, wọ́n ní kó wá kun yàrá ìgbàlejò náà lọ́fẹ̀ẹ́ dípò maṣíìnì. Ó gbà. Mi ò bá a jà sí ìyẹn, ọwọ́ tirẹ̀ ló fi tọrẹ. Ó ń jáde láàárọ̀, ó ń gbé ọ̀dà bọ̀ lórí irun nírọ̀lẹ́, kò sì ráyè gba iṣẹ́ mìíràn. Ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ wa láwọn ọjọ́ yẹn, maṣíìnì ló pa á.

Yàrá ìgbàlejò yẹn kù díẹ̀ kó parí, ni ẹnìkan tún gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá. Ta lo rò? Alága onítáìlì! Ó ní wọ́n fẹ́ rán kọ́tìnì, aṣọ tí wọ́n rà nípọn, gbogbo aránṣọ tí wọ́n bi ló ní maṣíìnì àwọn ò lè gún un, pé tèmi nìkan ló lágbára rẹ̀. Mo bi í bóyá eyín ni ì bá ní kí n fi rán an, ká ní ọmọlanke ti gbé maṣíìnì lọ. Ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ó ní kí n jẹ́ kí iṣẹ́ náà jẹ́ ọrẹ àfikún tèmi, kí n ṣáà fi àdúrà rò ó.

Mo ní, "Èyí ò gba àdúrà, sà. Mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀." Mo sọ iye tí mo máa gbà, mo ní gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọlé kí n tó mú sísọ́ọ̀sì. Ó ní ìwà aláìgbàgbọ́ ni mò ń hù. Mo ní aránṣọ tó gbàgbọ́ pọ̀ ní ìgboro, kó lọ bẹ̀ wọ́n wò. Ó lọ. Ó padà wá pẹ̀lú owó mi pé pérépéré, nínú àpòòwé ìjọ. Ọ̀rẹ́ mi, nínú gbogbo ọmọ ìjọ yẹn, èmi nìkan ni ọrẹ àfikún wá bá nílé.

Lọ́jọ́ tí mo lọ fi kọ́tìnì náà kọ́, ọkọ mi wà lórí àkàbà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun etí àjà. Àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀. Wọn ò tíì tú ọ̀rá lára àga onítìmùtìmù. Mo gun àpótí, mo ń so kọ́tìnì mọ́ irin. Ó bi mí látorí àkàbà, ó ní:

"Ṣé wọ́n sanwó kọ́tìnì yìí fún ẹ?"

"Wọ́n san án."

Ó kọjú sí ògiri rẹ̀. Mò ń gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì, ṣá, ṣá. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn, ó ti sọ̀kalẹ̀, ó ti di àpótí tí mo dúró lé mú, ó ní ó ń mì. Kò mì rárá. Ó ní, "Ìyá wọn, má bínú. Kì í ṣe tèmi láti fi tọrẹ."

Ìyá Ìbejì, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ó ti ra nǹkan fi bẹ̀ mí rí, ó ti rán ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ mí rí, àmọ́ kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ "má bínú" fún mi rí. Gbogbo èébú tí mo ti tò jọ dè é, mo wá a lẹ́nu mi, mi ò rí i. Mo ní kó sún sẹ́yìn kó bá mi wò ó bóyá kọ́tìnì náà gún. Ó sún sẹ́yìn, ó ní apá ọ̀tún ga ju òsì lọ. Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo wò ó, òótọ́ ló sọ. Mo tú u, mo tún un so, ó sì di àpótí yẹn mú títí mo fi ṣe tán.

Bá mi kí ọkọ rẹ o, sì bá mi fa àwọn ìbejì létí díẹ̀díẹ̀. Ní ti ìjọ yín, bí wọ́n bá ní kí ẹ gbàdúrà, gbà á. Ọlọ́run kò ṣe wá ní nǹkan kan. Àwọn tó ń gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ ká tó béèrè ni kí o máa ṣọ́. Èmi ò tíì padà sí ẹgbẹ́ akọrin. Ìdí maṣíìnì ni mo ti ń kọrin báyìí, ìyá mi sì ní ariwo ni mò ń pa.

Tìrẹ ni mí lójoojúmọ́,

Abẹ́rẹ́, bí ìwọ nìkan ṣe máa ń pè mí.